Ẹ Ṣí Ìwé Ìdílé Àwọn Olówó Ẹrú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń wo ẹ̀yìn lónìí, tí wọn kò rí ẹnì kan. Wọ́n fẹ́ mọ orúkọ àwọn tí ó bí wọn, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ ìdílé mìíràn, èyíinì ni ìdílé àwọn tí ó ra àwọn baba ńlá wọn.

Àwọn kan ní ilẹ̀ náà ń sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kí a má ṣe hú u jáde mọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka ènìyàn ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn ẹrú. Orúkọ olówó ni wọ́n kọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to ọjọ́-orí ẹrú kọ̀ọ̀kan sí, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí. Díẹ̀ kíún ni a kọ orúkọ wọn. Iye àwọn ẹrú ní 1860 jẹ́ 3,953,760. Òmìnira dé ní 1865, ṣùgbọ́n ó di 1870 kí ìwé ìkànìyàn tó dárúkọ gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá tọpa ìran rẹ̀ dé ọdún náà, ògiri ni yóò bá.

Kí ni yóò wá ṣe? Ilé-ẹjọ́ káúńtì ni yóò lọ. Níwọ̀n bí òfin ti sọ ènìyàn di ohun-ìní, ibi tí a ń kọ ohun-ìní sí ni a kọ ọ́ sí: ìwé ìhágún, ìwé tí a fi ka ẹrù òkú, ìwé ọjà àti ìwé owó-orí. Ní Virginia, òfin 1662 sọ pé ipò ìyá ni ọmọ yóò bá lọ: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, ẹni yòówù kí baba rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni ìwé fi máa ń dárúkọ obìnrin pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tí kì í dárúkọ baba. Màlúù, àga àti ènìyàn, ojú ewé kan náà ni wọ́n wà, olúkúlùkù pẹ̀lú iye owó tirẹ̀.

Orúkọ ìdílé nìkan kò sì tó, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a dá sílẹ̀ kò jẹ́ orúkọ olówó wọn ìkẹyìn. Ìyàwó, ọmọ àti àna olówó náà ni a gbọ́dọ̀ tọpa. Ẹ wo ti George Washington, ààrẹ kìn-ín-ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ìwé ìhágún rẹ̀ wà ní ilé-ẹjọ́ Fairfax. Nígbà tí ó kú ní 1799, àwọn ẹrú tí ó wà ní Mount Vernon jẹ́ 317. Ó pàṣẹ pé kí àwọn 123 tí í ṣe tirẹ̀ di òmìnira. Ṣùgbọ́n 153 nínú wọn wá láti inú ogún ọkọ àkọ́fẹ́ Martha ìyàwó rẹ̀, kò sì ní àṣẹ lórí wọn. Lẹ́yìn ikú Martha ní 1802, a pín wọn fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan nínú àwọn tí a tú sílẹ̀ ti fẹ́ ọkọ tàbí aya láàrin àwọn tí a pín. Ẹni tí ó bá ń wá wọn nínú ìwé Washington nìkan yóò wá wọn tì. Ìdílé Custis ni ọ̀nà gbà.

Gbogbo ìwé kọ́ ni ó sì kù. Nígbà ogun abẹ́lé, ọ̀pọ̀ káúńtì Virginia kó ìwé wọn lọ sí Richmond kí ewu má baà wu wọ́n. Ní oṣù kẹrin 1865, iná jó ìlú náà, ó sì jó wọn. Lẹ́tà àti ìwé ìṣirò owó tí ó wà nínú àpótí àwọn ìdílé ni ó lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama. Kossola, tí wọ́n sọ di Cudjo Lewis, wà nínú wọn. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ni ó mú un, àwọn olùwádìí sì gbà pé ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òní. Ní 1872, ó fi 100 dọ́là ra ilẹ̀ bí éékà méjì níbẹ̀. Títí ó fi kú ní 1935 ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ilé baba rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ orírun wọn. Àwọn tí baba ńlá tiwọn kò rí ẹni bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ìwé olówó nìkan ni ó kù fún wọn.

A kò ní kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ baba jẹ ọmọ níyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jogún ilẹ̀ ni ó jogún ìwé tí ó wà nínú ilé. Kí àwọn ìdílé wọ̀nyí gbé àpótí wọn jáde, kí àwọn káúńtì sì ṣí ìwé wọn fún gbogbo ènìyàn láìgba owó. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, ẹ má sì fi bò pé ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú wà nínú títa àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Òtítọ́ tí a bá ń béèrè lọ́wọ́ ará Virginia, àwa náà gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ nílé.