Owó Ìsìnkú Wà, Owó Alààyè Ńkọ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Sábọ̀n Gàrí àti ní gbogbo àdúgbò Kánò! Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ tún sún sí ìpàdé mìíràn, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ní àkókò ọyẹ́ tí ó kọjá, ìyá arúgbó kan wọ ọkọ̀ láti ilé wá wo ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Àárẹ̀ mú un ní gáréèjì kí ọmọ náà tó dé, àwọn aláàánú sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá kò gbọ́ Haúsá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n ti ń bi í bóyá ó ní àìsàn kan tẹ́lẹ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni ó ń pè. Ní ọjọ́ karùn-ún ni alábàárù kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì sáré wá sọ fún wa. Ọmọ rẹ̀ bá a láàyè, ìyá sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí ó dákẹ́. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ wà nínú ẹrù rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.

A kò dá ọsibítù lẹ́bi. Àwa ni a jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kejì a mú owó ìsìnkú jáde nínú àpò ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún alààyè ni kò sí.

Ní àwọn ọsibítù ńlá, ọ́fíìsì wẹ́lífíà wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń wá ẹbí aláìsàn tí kò ní ẹni, wọ́n ń wádìí ẹni tí kò lè san owó, wọ́n sì ń bá ẹni tí a fẹ́ dá sílẹ̀ wá ibi tí yóò wọ̀. Ọwọ́ wọn kéré sí iṣẹ́ náà, wọn kò sì lè gbọ́ gbogbo èdè.

Ọwọ́ tí wọn kò ní wà lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Kánò ní ọdún 1911 ni àwọn ènìyàn wa ti ń dó síhìn-ín. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba a máa fẹ̀yìntì ní ẹni 60 ọdún, tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Àgbà bẹ́ẹ̀ ṣì lágbára, ó gbọ́ Haúsá bí onílé, ó mọ ọ̀nà, ó mọ ènìyàn, ó sì ní sùúrù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n iwájú ilé ni àwa fi àwọn àgbà tiwa jókòó sí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ gba àgbà méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Kí olúkúlùkù máa ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lówùúrọ̀, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀: wákàtí 12. Bí a bá ka wákàtí 40 sí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kíkún, tí a sì fi ₦70,000 tí ìjọba fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 ṣe òṣùwọ̀n owó oṣù tí ó kéré jù, ẹnì kan yóò gba ₦21,000, àwọn méjèèjì ₦42,000. Bí ènìyàn 210 bá dá ₦200 lóṣù, ó pé. ₦200 kò lè ra odindi búrẹ́dì kan.

Àwọn kan ń wí pé iṣẹ́ àánú ni, kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. A ti dán an wò rí. A yan alábẹ̀wò mẹ́fà. Ní oṣù kìíní gbogbo wọn lọ, ní oṣù kẹta ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù, lẹ́yìn náà kò sí ẹnikẹ́ni. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Owó ọkọ̀ ni kò sí, ojú sì ń ti àwa láti bi wọ́n léèrè. Ẹni tí a bá sanwó fún, a lè béèrè ìdí tí kò fi wá.

Kì í ṣe ohun tí a kò rí rí láyé. Ní ọdún 1965, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Foster Grandparents. Àwọn àgbà tí owó wọn kò tó nǹkan ń lo wákàtí díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé ní ọsibítù àti ilé ìtọ́jú, wọ́n sì ń gba owó díẹ̀. Ọmọdé rí ẹni fà mọ́ra, àgbà rí owó ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ náà ní ààlà. Kí àwọn àgbà wa gba àṣẹ lọ́wọ́ ọsibítù, kí wọ́n sì wà lábẹ́ ọ́fíìsì wẹ́lífíà. Wọn kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní àgbo. Wọn kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ aláìsàn. Àṣírí tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́bàá ibùsùn kò gbọdọ̀ dé ìsọ̀. Kí wọ́n má sì bi ènìyàn bóyá mùsùlùmí ni tàbí onígbàgbọ́, tàbí bóyá ọmọ Yorùbá ni, kí wọ́n tó bù ú lómi mu. Ìlú onílùú ni a wà. Ẹni tí ó bá ṣe àlejò ìlú lóore, ara rẹ̀ ni ó ṣe é fún.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀ a ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ kí a dìbò lé e. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kí ó wá sọ ọ́ níbẹ̀, kí ó má sọ ọ́ ní ìta. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹ, kí ó mú ₦200 àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wá. Ìyá mìíràn lè ti wọ ọkọ̀ láti ilé lónìí.