Iná Ojú Sánmà Tó Ń Mi Abẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí jìnnà díẹ̀, àmọ́ ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wà níbẹ̀.

Ní Nọ́wè, Swídìn àti Kánádà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, iná kan máa ń tàn lójú sánmà lóru. Aurora ni òyìnbó ń pè é. Á kọ́kọ́ rọra nà sílẹ̀ bí aṣọ àdìrẹ tí a sá sórí okùn. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti mọ́lẹ̀ gbòò, ó ń jó káàkiri.

Ní 1741, ní ìlú Uppsala ní Swídìn, Anders Celsius àti Olof Hiorter rí i pé bí iná yìí bá yọ, abẹ́rẹ́ tí àwọn awakọ̀ òkun fi ń mọ ọ̀nà kì í dúró jẹ́ẹ́ mọ́. Ta ló fọwọ́ kàn án? Kò sẹ́nì kan.

Ayé yìí ní agbára òòfà, bíi mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn spíkà rédíò. Oòrùn ń fẹ́ atẹ́gùn kan wá tí ojú wa kò rí. Atẹ́gùn yẹn á máa fa agbára òòfà náà gùn lápá ibi tí ilẹ̀ ti ṣú, bí ọmọdé ṣe ń fa rọ́bà kànnàkànnà. Bó bá fà á títí, á já padà, pàà! Nǹkan wínníwínní tó sáré bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ìhà òtútù ló ń tan iná. Rọ́bà fúnra rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Pi2. Lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ kan máa ń gbà tó 40 sí 150 ìṣẹ́jú àáyá. Kò le rárá, kò lè mi abẹ́rẹ́ télọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó wà nítòsí agbedeméjì ayé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í rí iná yẹn, máa ń gbọ́ ọ. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Òun náà ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí iná bẹ̀rẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ṣú bo sánmà.

Pi2 kì í ba nǹkan jẹ́. Ìjì òòfà ńlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ká bẹ̀rù. Ní March 13, 1989, ó kọlu Quebec ní Kánádà. Kò ju nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú àáyá lọ tí gbogbo iná fi lọ. Mílíọ̀nù 6 èèyàn wà lókùnkùn fún bíi wákàtí 9.

Ẹ ó ní wákàtí 9, ṣé ìyẹn náà ló dé? Ẹ rántí pé yìnyín ṣì ń bẹ nílẹ̀ níbẹ̀ lóṣù kẹta, iná náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń móoru.