A kì í fá orí lẹ́yìn olórí

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn ń wá ọ̀nà tuntun tí mẹ̀kúnnù yóò fi lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù, ìgbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ nìkan la máa ń rí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí lọ́dún 2024. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ PDP yan ẹni tí yóò du ipò gómìnà fún wọn ní Àkúrẹ́. Àwọn aṣojú tí a ń pè ní dẹ́lígéètì ló dìbò, ìbò 264 ló sì gbé Ọ̀gbẹ́ni Agboola Ajayi wọlé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà, ẹgbẹ́ APC ti ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò ní wọ́ọ̀dù wọn. Wọ́ọ̀dù 203 ló wà ní ìpínlẹ̀ yìí. Ìbò 48,569 ni wọ́n kéde fún Gómìnà Lucky Aiyedatiwa.

Lójú tèmi, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò ló dára jù, nítorí ọ̀rọ̀ orí kò ṣe é sọ lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó bá gómìnà du ipò náà fárí gá, wọ́n ní ìdìbò kò wáyé níbi púpọ̀. Ta ni yóò wá dá ẹjọ́ náà, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ lásán kò mọ orúkọ ta ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́?

Ọ̀nà wọ́ọ̀dù yìí kò tuntun. Ẹ rántí Option A4 ti ọdún 1993. Ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó tó kan ìjọba ìbílẹ̀, kó tó kan ìpínlẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá gbà di ẹni tí ẹgbẹ́ SDP fà kalẹ̀ ní Jos. Àmọ́ ìjọba ológun ló dá SDP àti NRC sílẹ̀ lọ́dún 1989, òun ló kọ́ ọ́fíìsì fún wọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1993, ológun náà ló tú wọn ká. Ẹni tó nilé ló tilẹ̀kùn.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kò dáwó sí, ẹni tó ń náwó sí i ló ni ín. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa àgbẹ̀ kòkó, orúkọ kálukú wà nínú ìwé, owó tó dá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọdún bá yí po, akápò yóò dìde níwájú wa, yóò ka èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Bí kò bá yé wa, kò ní jókòó. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ òṣèlú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ lẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ ògiri ní wọ́ọ̀dù kí ìdìbò tó dé, kí ẹni tó bá rí orúkọ òkú wí. Ẹ gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí ẹ fún wa ní rìsíìtì. Kí ẹni tí a bá dìbò fún sì máa padà wá jíhìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán.

Ẹlòmíràn lè ní kò sówó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Àwa tí à ń dáwó òkú, tí à ń dáwó aṣọ ẹbí? Owó kọ́ ni ìṣòro, ẹni tí yóò ṣírò rẹ̀ fún wa ni a kò rí.

Àwa náà kò sì mọ́. Bí a bá ti gba ìrẹsì àti àǹkárá lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ ìpolongo, a ti gba owó orí wa nìyẹn. Ẹnu wo la ó wá fi sọ pé wọ́n fá a lẹ́yìn wa?

Àgbẹ̀ kòkó,
Òdòdé, Ìdànrè.