Ilé wo ni mẹ̀kúnnù Èkó fẹ́ẹ́ wò kó tó sọmọ lórúkọ?

Àwọn bàbá wa ló sọ ọ́ pé ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ Sátidé tá a ṣe ìkómọ nílé àbúrò mi kan l'Ágége. Yàrá kan ṣoṣo lòun àtìyàwó ẹ̀ ń gbé, nínú ilé tá à ń pè ní face-me-I-face-you, yàrá méjìlá, balùwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan. Ọmọ tá a sọ lórúkọ yìí ló ṣe ìkẹta. Ìta ni pásítọ̀ dúró sí gbàdúrà, torí yàrá ọ̀hún ò gbà ju èèyàn mẹ́fà lọ.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni bàbá ọmọ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni, ó wà lára àwọn tó ń gba owó oṣù tó kéré jù, 85,000 náírà tí wọ́n kéde ní 2024. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń wá yàrá àti pálọ̀. Èyí tó rí n'Ípájà, 900,000 náírà ni wọ́n pè é lọ́dún. Àjẹ́ǹtì ní òun máa gba 90,000, lọ́yà tó fẹ́ẹ́ kọ àgíríméǹtì náà ní òun máa gba 90,000, onílé tún ní kó mú 100,000 sílẹ̀ nítorí bó bá ba nǹkan jẹ́. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 1,180,000. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀ o: bí àbúrò mi ò bá jẹun, tí ò wọkọ̀, tí ò ra mílíìkì fọ́mọ, owó oṣù ẹ̀ fọ́dún kan gbáko ò ju 1,020,000 lọ. "Bọ̀dá mi, ṣé kí n lọ jalè ni?" Ohun tó bi mí nìyẹn, ẹnu mi sì wọhò.

Àwọn kan á ní onílé ló burú. Lóòótọ́, òfin tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 2011 sọ pé onílé ò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi, ìtanràn ẹ̀ sì jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àmọ́ ta lẹ ti rí tó tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n? Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Onílé náà ra sìmẹ́ǹtì, ó ra irin, ó ra ilẹ̀, ó tún fún ọmọ onílẹ̀ lówó tí wọn ò kọ sínú ìwé kankan. Ẹni tó fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́lé ò lè fún wa ní pọ́ọ́kú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba lọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe, torí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Oṣù kẹwàá 1979 ni Alhaji Lateef Jakande di gómìnà, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọdún 1983 làwọn ṣọ́jà gbàjọba. Ọdún mẹ́rin àtoṣù mẹ́ta péré! Àmọ́ ẹ lọ sí Òkè-Àfà n'Ísọlọ̀, ẹ dé Abẹ́sàn, ẹ yà sí Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹ ó bá ilé tí bàbá náà kọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti lọ láti 2021, àwọn ilé ọ̀hún ṣì dúró, orúkọ wọn la sì fi ń pè é títí dòní. Kò sí ọ̀ṣọ́ lára ẹ̀, àmọ́ òṣìṣẹ́ àti tíṣà rí orí wọn gbé síbẹ̀.

Ilẹ̀ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, kó máa bá aráàlú tọ́jú ẹ̀. Ṣé olówó nìkan laráàlú ni?

Ní 2016, ìjọba Ambode gbé ètò kan jáde, kéèyàn san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, kó kó wọlé, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fọ́dún mẹ́wàá. Ètò tó dáa ni. Àmọ́ bí àbúrò mi bá ń san 28,000 lóṣù, tó jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ẹ̀, ohun tó máa san fọ́dún mẹ́wàá ò ju 3,360,000 lọ. Ilé wo ni wọ́n ń ta iye yẹn l'Ékòó lónìí? Àfi kí ìjọba bu owó tiẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fi kún iye ọdún tá a máa fi san án.

Ẹ má gbàgbé National Housing Fund, tí òfin ẹ̀ jáde ní 1992, tí òṣìṣẹ́ ń tìtorí ẹ̀ yọ náírà méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Ọ̀pọ̀ ló dá a títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọn ò rí búlọ́ọ̀kù kan fi kọ́lé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún mẹ̀kúnnù. Kí wọ́n kọ iye owó ilé olówó pọ́ọ́kú sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, kí wọ́n sì sọ iye ilé tí wọ́n kọ́ fún wa. Kí wọ́n fi sófin pé ẹni tó bá gba irú ilé bẹ́ẹ̀, tó fẹ́ẹ́ kó jáde, ìjọba ni kó dá a padà fún, kó gbowó ẹ̀. Èyí tí wọ́n gbà ní pọ́ọ́kú láyé Jakande, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni wọ́n ń tà á báyìí. Ẹ̀kọ́ nìyẹn fún wa.

Ẹ̀yin náà, bí àwọn olóṣèlú bá tún gbé ìrẹsì àti ankárá wá, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé ilé mélòó ni wọ́n fẹ́ẹ́ kọ́.

Orúkọ tí ìyá ọmọ sọ ọmọ ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni Ilésanmí. Gbogbo wa ṣe àmín. Ó ku àmín ti ìjọba.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.