Irọ́ Ni Pé Oníbàárà Ló Ń Yan Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, máníjà ilé-ìtajà kan ní gúúsù London tún sọ ọ́ lójú mi, nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sí ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ní àmì Fairtrade, àmì pé àgbẹ̀ rí owó tó tọ́ gbà, lórí pẹpẹ rẹ̀. Ó ní: "Kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Ohun tí oníbàárà bá fẹ́ là ń tà." Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò ju ìyẹn náà lọ. Ṣọ́ọ̀bù kò lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé agbọ̀n dání lẹ ń pinnu bóyá àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní Colombia yóò jẹun kánú. Bí ebi bá pa á, ẹ̀yin lẹ febi pa á.

Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń sanwó fún ẹni tó ń pa á ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, ilé-ìtajà ńlá Sainsbury's kéde pé gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí àwọn ń tà ní Britain yóò di ti Fairtrade. Nínú ọdún 2007, ó rí bẹ́ẹ̀. Waitrose, ilé-ìtajà mìíràn, náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà. Ta ló dìbò sí i? Ìyá tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ́mọ ní Lewisham dé ibi pẹpẹ, ó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ó mú un, ó sanwó, ó gba ilé lọ. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè kan. Àwọn ọ̀gá tó jókòó yí tábìlì ká ló pinnu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì yí padà láti ìlú dé ìlú. Bí wọ́n bá lágbára láti pinnu ire, àwọn náà ló ń pinnu ibi ní gbogbo ọjọ́ tí wọn kò ṣe é.

Kí a tún wò ó láti ibi tí oníbàárà ti béèrè ní ti gidi. Ní Frauenfeld, ìlú kan ní Switzerland, ilé-ìtajà Migros já owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálẹ̀ lọ́dún 1973. Àwọn obìnrin kan, tí Ursula Brunner ṣáájú wọn, kọ ẹ̀dínwó náà. Wọ́n ní kí wọ́n má já owó yẹn fáwọn, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sáwọn tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oníbàárà ló la ẹnu bẹ́ẹ̀ o! Ṣọ́ọ̀bù ní rárá. Àwọn obìnrin náà bá bọ́ sójú pópó, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ fún ará ìlú ohun tó wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́ọ́kú. Ó lé ní ogún ọdún kí àwọn ilé-ìtajà ńlá ibẹ̀ tó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ Fairtrade sórí pẹpẹ wọn. Nígbà tí wọ́n wá gbà á, àwọn èèyàn rà á: nǹkan bí ìdajì gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Switzerland ló ní àmì náà lónìí. Ṣé ìfẹ́ oníbàárà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni? Ìlẹ̀kùn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Wọn a wá ní, Lidl ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n máa mú un wá. Lọ́dún 2018, ilé-ìtajà Lidl ní Jámánì kéde pé gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun yóò di ti Fairtrade. Lọ́dún 2019, ó padà sẹ́yìn, ó ní àwọn oníbàárà sá lọ síbi tó ti rọjú. Òótọ́ ni pé ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọjú yẹn dúró dè wọ́n ní òdìkejì títì? Ṣé oníbàárà ló kọ iye owó sára pátákó ibẹ̀ ni? Lidl fowó lé tirẹ̀, àwọn ilé-ìtajà yòókù fi pọ́ọ́kú pa á lẹ́kún, wọ́n wá yí ojú sí ẹni tó ń ṣọ́ owó oṣù ná pé òun ló ṣẹ̀. Èyí ni à ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni súpámákẹ́ẹ̀tì fi ń ṣe ìdẹ. Wọ́n mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń rà á, pé èèyàn máa ń rántí iye tó rà á, nítorí náà orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jà. Ní 2014, Fairtrade Foundation sọ pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní Britain ti wálẹ̀ láti nǹkan bí pẹ́nsì 18 sí 11, bẹ́ẹ̀ ohun tí àgbẹ̀ ń ná lórí rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Nínú ilé àgbẹ̀ ni wọ́n ti yọ ẹ̀dínwó náà.

Ẹ mú ẹyọ kan lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wò ó. Ó ti lò tó oṣù mẹ́sàn-án lóko. Nígbà tí ṣírí rẹ̀ yọ, wọ́n fi ọ̀rá bò ó nítorí kòkòrò, wọ́n so okùn aláwọ̀ mọ́ ọn kí wọ́n lè mọ ọ̀sẹ̀ tó yọ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹnì kan fi àdá gé e ní dúdú, ẹnì kejì fi èjìká gbà á kó má kan ilẹ̀, nítorí pé bí ara rẹ̀ bá bó, kò sẹ́ni tó máa rà á. Wọ́n ya á lọ́wọ́ọ̀wọ́, wọ́n fọ oje rẹ̀ nù nínú omi, wọ́n fọwọ́ lẹ sítíkà mọ́ ọn, wọ́n tò ó sínú páálí tó wọn kílò 18.14. Lórí páálí yẹn, dọ́là kan ni owó àfikún Fairtrade, yàtọ̀ sí iye tí owó ọjà kò gbọdọ̀ wálẹ̀ kọjá. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń wọ páálí kan. Sẹ́ńtì kan lórí ẹyọ kan! Ohun tí wọ́n ní oníbàárà ò lè gbà nìyẹn.

Wọ́n ní owó àfikún náà kì í dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Àpò ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ oko ló ń wọ̀, àwọn ló sì ń dìbò lórí ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́ọ́kú ń ran tálákà lọ́wọ́. Tálákà ló gbìn ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Fairtrade àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ sí Netherlands lọ́dún 1996, Ghana ló ti wá, lẹ́bàá odò Volta.

Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Àwa tí Marketing Board ìjọba fi ìgbà kan ń dá iye lé kòkó àwọn bàbá wa! Owó orí àti owó kòkó tí kò tó nǹkan wà lára ohun tó mú àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà dìde lọ́dún 1968. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn nígbà náà pé kí wọ́n lọ bẹ ẹni tó ń mu kòkó ní London. Ẹni tó ń dá iye ni wọ́n dojú kọ.

Ẹ yé wo àmì lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ́ ẹ máa dá ara yín lẹ́bi. Ẹ bi máníjà. Bó bá ní kò sẹ́ni tó ń béèrè, ẹ ní kó kọ orúkọ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí oríléeṣẹ́ wọn, ẹ̀yin àti ìjọ yín, ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ ìlú yín. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham, ní Woolwich, ní Manchester, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé ẹ̀yin lẹ ń yan ohun tó ń wọ pẹpẹ yín: ẹ pe ẹni tó ń kó ọjà fún yín láàárọ̀ Monday, kẹ́ ẹ ní kó kó ti Fairtrade wá.