Idà Tí Ó Dógùn-ún

Bí a bá rí idà àjèjì kan ní Màhín tàbí Ìgbókòdá tí ó ti dógùn-ún, kíá ni a ó ní ti ayé àtijọ́ ni. Èmi kò fara mọ́ ọn. Omi iyọ̀ etíkun Ìlàjẹ kì í pẹ́ jẹ irin. Àdá tí a rà ní èṣí pàápàá lè dógùn-ún.

Ìrísí idà ni kí a wò. Ebẹn ti Ìbìní fẹ̀ bí ewé. Udamalore ti Ọ̀wọ̀ a máa jẹ́ eyín erin nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ ní irin tí yóò dógùn-ún!

Bí irin rẹ̀ bá jẹ́ iṣẹ́ Òyìnbó ńkọ́? Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ní ọdún 1851, Heinrich Barth rí i ní Kánò pé láti Solingen, ní ilẹ̀ Jámánì, ni irin idà ti ń wá, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì ń fi èèkù sí i. Idà Kánò ni èmi yóò pè é.