Alágbára Má Mèrò: Ọ̀rọ̀ Kílọ́ọ̀ṣì

Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Òwe yìí bá àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ẹ̀rọ afúntẹ́gùn kún ẹ́ńjìnnì Ford Mustang wọn wí.

Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ti ju ti kílọ́ọ̀ṣì lọ, pléètì rẹ̀ yóò máa yọ̀, yóò gbóná, yóò sì jó. Kíá, wọn a ra èyí tí sípíríǹgì rẹ̀ le jù lọ, tàbí èyí tó ní pléètì seramíkì. Ìyẹn dára fún pápá ìdíje. Ìgboro ńkọ́? Ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò máa ro ó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ yóò máa ta gìrì bó bá fẹ́ gbéra, jíà ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ní tèmi, kílọ́ọ̀ṣì onípléètì méjì ló tọ́ sí ọkọ̀ ìgboro. Ojú 4 ló fi ń di agbára mú dípò 2, nítorí náà kò dìgbà tí sípíríǹgì bá le koko. Owó rẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.